Táyà Kẹrin

"Ìyá Dára, kí lo tún ń wá nídìí táyà? Oòrùn ti ń mú o!" Cornelius ké sí ìyàwó rẹ̀ látorí ìjókòó awakọ̀.

 Julianah bẹ̀rẹ̀ mọ́ táyà ẹ̀yìn lápá òsì. Ríìmù rẹ̀ tutù, ó ń dán, nǹkan sì ń kán sórí ilẹ̀ pupa. Ìyá ọkọ rẹ̀, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ti jókòó síwájú. Àwọn obìnrin ìjọ mẹ́ta há ara wọn mọ́ ẹ̀yìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń bá wọn lọ fọ́ kòkó lóko. Kí ọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà sì tó dé oko yẹn, ó ní láti sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ olókùúta kan, tí afárá onípákó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Òkúta yẹn ló gbé Cornelius dé Ọ̀fàtẹ̀dó lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí Mùyídéènì mẹkáníìkì lè bá a gbé jíìpù àtijọ́ náà ga. Apá owó ìfẹ̀yìntì Cornelius, tó ṣe tíṣà, kò ká sípíríǹgì tuntun, wọ́n bá fi irin há abẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Jíìpù ga lóòótọ́. Ó dúró bí adìẹ tó fẹ́ gba inú ẹrẹ̀ kọjá.

"Bàbá, ó ku rọ́bà bíréèkì," Mùyídéènì ti wí. "Ọkọ̀ ti ga, rọ́bà tí ọ́ìlì ń gbà dé táyà ò gùn sí i. Ó ti fà le jù. Tó bá ya, kò sí bíréèkì mọ́."

"Ó di ẹ̀yìn ìkórè. Ọlọ́run ló ń wakọ̀."

"Òótọ́ ni, sà. Ṣùgbọ́n Ànábì ní ká so ràkúnmí mọ́lẹ̀ ná, ká tó fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

Cornelius rẹ́rìn-ín, ó wakọ̀ lọ. Láàárọ̀ yìí, wọ́n fi òróró yan ọkọ̀ náà, bí ìjọ wọn ti máa ń ṣe. Cornelius dijú, ó ń gbàdúrà. Julianah ń da òróró sí táyà kọ̀ọ̀kan.

"Táyà yìí tutù," Julianah wí nísinsìnyí, ó ṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

"Òróró àdúrà ni. Ṣebí ìwọ lo dà á?"

"Àmín!" làwọn obìnrin ẹ̀yìn dáhùn.

 Julianah nìkan ló mọ̀ pé igo ti gbẹ ní táyà kẹta. Ojú tì í láti dá àdúrà dúró, ló bá mi igo òfìfo fìrìfìrì lókè ìkẹrin, ó ní àmín. Ìkẹrin náà rèé.

Ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ń rùn bí ọ́ìlì ọgbà mẹkáníìkì Mùyídéènì. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó rìn lọ síwájú.

"Bàbá Dára, ẹ tẹ bíréèkì wò."

"Ṣé o ò nígbàgbọ́ mọ́ ni?"

"Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bá a lọ, ó kan ilẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Ẹ̀rín àwọn ará ẹ̀yìn dá. Cornelius yíjú wo ìyá rẹ̀.

Julianah na ọwọ́ kọjá láyà ọkọ rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́.

"Òróró ò dé táyà kẹrin," ó wí. Lẹ́yìn náà, ó yípo lọ síwájú, ó ṣílẹ̀kùn. "Màmá, ẹ fún mi lọ́wọ́ yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀."