Ohùn Tó Ń Pẹ́ Lọ́nà

Barnabas ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó kọ gàdàgbà sára ògiri sítúdíò rẹ̀ ní ọ̀nà Póólì ni "Ọ̀gá Àwọn Ọ̀gá Ohùn". Alhaja Asiata kà á lẹ́yọ lẹ́yọ, nítorí kíláàsì mẹ́ta péré ló kà kó tó fi iléèwé sílẹ̀. Nígbà tó kà á dópin, ẹ̀rín pa á. Ọ̀gá àwọn ọ̀gá! Ẹni tó de bọ́tìnnì ẹ̀wù ara rẹ̀ ní ìdekúdè, tí apá kan gùn ju èkejì lọ.

Orin ló gbé Alhaja débẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá mùsùlùmí tí ó wà nínú rẹ̀ yóò pé ogójì ọdún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n sì fẹ́ kí orin ẹgbẹ́ wọ inú fóònù gbogbo ọmọ Ọ̀fà nílé lóko. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Asiata ló ń dá orin, àwọn yòókù a máa gbè é. Ṣùgbọ́n lánàá, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló kọrin tí kò bá ìlù mu. Ni Barnabas bá gbé fóònù, ó pe ìyá ẹgbẹ́ lójú rẹ̀ kòrókòró:

"Mummy, ẹ má bínú o. Ọjọ́ orí ti mú Alhaja. Wọ́n ń fà lẹ́yìn ìlù. Ẹ bá wa wá ọmọdé."

Ìyá ẹgbẹ́ ní òní nìkan ló kù fún Asiata. Bí kò bá bọ́ sí i lónìí, Hikmat ni yóò gba orin náà, òun ni yóò sì máa dá orin ẹgbẹ́ láti ìsinsìnyí lọ.

Hikmat gan-an ti jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Ọmọ Póólì ni, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, àmọ́ imú ló fi ń kọrin bí ewúrẹ́ tí òtútù mú.

"Ẹ káàárọ̀ mà, Alhaja." Ó kúnlẹ̀.

"Káàárọ̀, ọmọ mi. O ti wá jogún mi, àbí? Mi ò tíì kú o."

"Háà! Alhaja! Àwọn mummy wa ló ní kí n wá."

Barnabas na ẹ́dífóònù ńlá dúdú kan sí Alhaja. "Ẹ fi bo etí méjèèjì o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún gbọ́wọ́ sétí bíi tàná. Ibí kì í ṣe ilé ìsọmọlórúkọ. Ayé ọ̀làjú la wà."

Alhaja wò ó láti orí délẹ̀. Ọwọ́ sétí! Gbogbo ìyá tó kọ́ ọ lórin ló ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí kan, kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn láàárín ariwo. Ọ̀làjú rèé, pẹ̀lú bọ́tìnnì wọ́gọwọ̀gọ. Síbẹ̀ ó gbé ike náà lé orí gèlè, ó bo etí méjèèjì. Ìlù inú kọ̀mpútà bẹ̀rẹ̀. Ó lanu:

"Ogójì ọdún, kò rẹ̀ wá o,
Ọlọ́hun Ọba ló gbé wa ró..."

Bó ti pa ẹnu dé, ó gbọ́ ìparí rẹ̀ létí: "...gbé wa ró." Ó dúró dè é. Ta ni yóò dá orin tí kò ní dúró de elégbè? Ohun tí wọ́n kọ́ ọ nìyẹn: bí o bá dá orin, jẹ́ kí ẹni tó ń gbè é sọ tirẹ̀ tán. Ẹni tó bá já elégbè lẹ́nu, kò lẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló fi ń dúró de ohùn ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìlù kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ìlù ti lọ.

"Ẹ ti tún pẹ́!" Barnabas figbe ta. "Alhaja, ẹ ń fà bíi rélùwéè àtijọ́!"

Rélùwéè kẹ̀? Iṣẹ́ rélùwéè ni bàbá Alhaja ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tó wà lọ́mọdé, òun ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un lójú irin. Láti òkèèrè ni yóò ti rí i tí òòlù bàbá rẹ̀ bá irin. Òòlù á ti padà sókè kí gbàn-ùn rẹ̀ tó dé etí òun. Bàbá rẹ̀ kò pẹ́, òòlù kò sì pẹ́. Ohùn ló pẹ́ lọ́nà.

Ó pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan níwájú máìkì. Pà! Ẹ́dífóònù dáhùn: pà!

"Barnabas, ẹ̀ẹ̀melòó ni mo pàtẹ́wọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni, mà."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́."

"Etí àgbà ni, mà."

"Ó dáa. Hikmat, tu nǹkan ẹnu rẹ dànù, kí o wá gbé e wọ̀."

Hikmat gbé e wọ̀, ó kọrin. Kò tíì dé ìlà kẹta tó fi kọsẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. "Brọ̀dá, ẹnì kan ń sín mi jẹ nínú ẹ̀!"

"Ọjọ́ orí ló mú òun náà," ni Alhaja wí. "Ogún ọdún! Ó yá, ìwọ ọ̀gá àwọn ọ̀gá, kọ tìrẹ ká gbọ́."

Barnabas já ẹ́dífóònù gbà bí ẹni tó fẹ́ kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Ó lanu, ohùn rẹ̀ dé bá a láti ẹ̀yìn, ahọ́n rẹ̀ lọ́ mọ́ra bíi ti ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. Alhaja rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń jó lórí ìdúró:

"Ọ̀gá àwọn ọ̀gá, ìlù ti lọ,
Ẹ bá a sáré pè é kó dúró o!"

Hikmat gbè é. Kò mọ ìgbà tó gbè é.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Alhaja sún mọ́ kọ̀mpútà. "Kí ni nǹkan yìí ń fi ohùn mi ṣe kó tó dá a padà fún mi?"

Barnabas rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó níbi tó ń kó o jọ sí ná. Bọ́fà là ń pè é."

"Bíi garawa?"

"Ẹ̀ẹ́n... bíi garawa. Tó bá kún ló máa dà á síta."

"Garawa tìrẹ ti tóbi tó?"

Ó tẹ̀ ẹ́, ó wò ó, ó wú ikọ́. "Ẹgbẹ̀rún kan ó lé mẹ́rìnlélógún."

"Èyí tó kéré ńkọ́?"

"Méjìdínláàádóje wà níbẹ̀. Àmọ́ tó bá kéré báyẹn, ó lè máa ta pàrà bí àgbàdo nínú iná, torí iṣẹ́ á pọ̀ fún kọ̀mpútà."

"Iṣẹ́ wo ló tún ń ṣe yàtọ̀ sí tèmi?"

Barnabas fi ara bo kọ̀mpútà. Hikmat ló yọjú wò ó. "Bọ́ọ̀lù ni brọ̀dá ń wò lábẹ́ rẹ̀, Alhaja. Fíìmù kan sì ń wọlé. Wọ́n tún fi gbohùngbohùn, bíi ti inú ihò àpáta, sára ohùn yín."

"Bọ́ọ̀lù! Èmi ń pe Ọlọ́hun, ìwọ ń wo bọ́ọ̀lù! Olódo. Òùngbẹ ń gbẹ èèyàn, garawa lo gbé lọ sódò, igbá wà nílẹ̀. Pa gbogbo ẹ̀ dé!"

Barnabas pa bọ́ọ̀lù, ó pa fíìmù. Ó yọ gbohùngbohùn náà, ó ní tí orin bá parí lòun á tó fi í padà. Ó mú bọ́fà wálẹ̀ sí méjìdínláàádóje. Alhaja pàtẹ́wọ́: pà. Ó kù díẹ̀ kó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ó kàn ń tẹ̀lé e bí òjìji. Ó ká ẹ́dífóònù kúrò ní etí òsì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Barnabas lanu láti sọ̀rọ̀. Ó rántí ara rẹ̀, ó pa á dé.

Alhaja kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó jókòó sórí ìlù bí ọba sórí ìtẹ́. Kò síbi tó ti fà, kọ̀mpútà kò sì ta pàrà.

"Pe ìyá ẹgbẹ́," ló wí. "Bó o ṣe pè wọ́n lójú mi lánàá."

Barnabas pè é. Ó yí ojú sí ògiri, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Mummy, orin ti bọ́ sí i. Alhaja ló kọ ọ́. Ẹ̀rọ mi... ẹ̀rọ mi ló ń fà."

"Kí lo wí?" Alhaja bi í.

"Mo ní ẹ̀rọ mi ló ń fà, mà."

"Mi ò gbọ́ o." Ó tún gbọ́wọ́ sétí. "Etí àgbà ni. Sọ ọ́ sókè."