Ẹyin Adìẹ Mi

Adìẹ mẹ́ta ni bàbá mi dì lẹ́sẹ̀ fún mi lọ́jọ́ tí mo wọlé ọkọ nílùú Tápà. Wọ́n ti di mẹ́tàdínlógún báyìí. Mi ò tíì jẹ ẹyin wọn rí.

Láàárọ̀ òní, nọ́ọ̀sì fa awọ ojú mi wálẹ̀, ó mirí. "Salome, ẹ̀jẹ̀ rẹ ò tó, oṣù kan ló sì kù kó o bímọ. Ẹyin ńkọ́? Ẹ̀wà ńkọ́?"

Kí ni kí n sọ? Láàárọ̀, láfún, lálẹ́, láfún àti ìlasa tí kò rójú ẹja. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀.

Nígbà tí mo délé, Màmá Malachi, ìyá ọkọ mi, ń to ẹyin mi sínú gàrí nínú agbọ̀n kó má baà fọ́. Malachi ọkọ mi jókòó sórí ọ̀kadà, ó ń dúró láti gbé e lọ fún ọkọ̀ Ìbàdàn.

"Ti Keturah ni," ni Màmá wí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà n'Íbàdàn ni. "Òun náà ti lóyún. Dókítà ní kó máa jẹ ẹyin méjì lójúmọ́."

"Nọ́ọ̀sì ní kí èmi náà máa jẹ ẹ́, mà."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Aláboyún tó bá ń jẹ ẹyin, olè ni yóò bí."

"Ṣé wọn kì í bí olè n'Íbàdàn ni?"

Malachi rẹ́rìn-ín. Ó rójú mi, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

"Ó ti mọ́ àwọn ará ìgboro lára," ni Màmá wí. "Àbí ọmọ ẹni á ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká wá fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn?"

"Ta ló ni èyí tó wà nínú mi? Lọ́dún Àjíǹde, Keturah kó ẹ̀wà, ó kó ẹ̀gúsí, ó kó ẹran ìgbẹ́ lọ. Bísíkíìtì ló fi sílẹ̀ fún wa. Ìdílé Ògúnṣọlá, tẹ́ ẹ ń kì ní apẹfọ̀n-má-dá-jẹ, ẹ wá ń dá ẹyin mi jẹ!"

Mo wa mẹ́fà jáde nínú gàrí. Ìyókù, kó máa lọ; mi ò bá Keturah jà. Mo gbé ìkòkò kaná. Ìwọ tó bọ́ Èlíjà létí odò, má jẹ̀ẹ́ kí n kú sórí ìkúnlẹ̀ yìí.

"Olè lo máa bí!"

"Bó bá jalè, Màmá, ilé ló ti kọ́ ọ. Kó tó wáyé lẹ ti ń jí oúnjẹ rẹ̀."

Malachi pa ọ̀kadà. Nígbà tí ẹyin jinná, ó jókòó tì mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí bó èèpo ẹyin kejì fún mi. Mo gbà á. Mi ò dúpẹ́.