Omi Àlùwàlá Bàbá Ferjani

Nígbà tí Bàbá Ferjani pè lẹ́ẹ̀kẹta lọ́sẹ̀ kan náà, Hedia sáré gba fóònù kí Mongi tó dé ìdí rẹ̀. Mongi ni ọ̀gá iléeṣẹ́ wọn ní Kebili, ìlú dàbínù létí aṣálẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ sórí tábìlì, ó ń ro ṣúgà mọ́ tíì.

"Bàbá yìí tún ti dé o! Sọ fún un pé oko rẹ̀ tutù. Ṣebí ìwọ náà rí i lójú kọ̀ǹpútà."

Hedia rí i lóòótọ́. Àwọ̀ ewé, àmì pé ilẹ̀ tutù, ló wà lórí oko Bàbá Ferjani. Hedia ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àwọn ẹ̀rọ tó ń ránṣẹ́ náà, kọ̀ǹpútà kéékèèké tí kò ju páálí ìṣáná lọ, tí wọ́n rì mọ́ ẹsẹ̀ igi dàbínù kan nínú oko kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń tọ́ ilẹ̀ wò, wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí wáyà. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ìlẹ̀kùn omi á ṣí fúnra rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tutù, kò sí àgbẹ̀ tó lè ṣí i. Tẹ́lẹ̀, àwọn àgbà ló ń pín omi, wákàtí fún ìdílé yìí, wákàtí fún tọ̀hún. Iléeṣẹ́ Mongi ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn.

"Ọmọ mi," Bàbá Ferjani ní, "ọjọ́ kejìdínlógún rèé tí omi ò dé oko mi. Dàbínù mi ń rọ lórí igi. Kí ni kí n kórè lọ́dún yìí? Ìyàwó kọ̀ǹpútà, wá wo ọkọ rẹ, irọ́ ló ń pa!"

Hedia wakọ̀ lọ. Kó tó sọ̀ kalẹ̀ ló ti rí i. Dàbínù tó yẹ kó ti máa sanra ti hun jọ, ilẹ̀ sì ti sán káàkiri. Ẹsẹ̀ igi kan ṣoṣo ló rọ̀, èyí tí òjìji rẹ̀ tóbi jù. Abẹ́ rẹ̀ ni Hedia rì ẹ̀rọ náà sí. Ó rántí bí ọkọ́ ṣe wọlẹ̀ wẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà, tí inú rẹ̀ dùn. Kò bi ẹnikẹ́ni ìdí tí ilẹ̀ ibẹ̀ fi rọ̀.

Àbí ẹ ò rí nǹkan! Ọmọ ibẹ̀ ni, abẹ́ irú igi bẹ́ẹ̀ ni bàbá tirẹ̀ náà ti ń ṣe àlùwàlá. Gbogbo ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ lóko yìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣan ọwọ́, ojú àti ẹsẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni omi wọn ń dà sí. Ìtìjú bá a débi pé kò lè gbójú sókè.

Wọ́n pe ìrun ọ̀sán. Bàbá Ferjani gbé kẹ́ẹ̀gì tó gbé wá láti ilé, ó da omi inú rẹ̀ tán pátá sẹ́sẹ̀ ọmọ igi kan. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ lu iyẹ̀pẹ̀, ó fi pa ojú, ó fi pa ọwọ́.

"Bàbá! Ẹ ní omi lọ́wọ́, ẹ ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣe àlùwàlá?"

"Ọ̀gá yín ló pè mí, ó di ọjọ́ mẹ́rin. Ó ní omi àlùwàlá wa ló ń tan ẹ̀rọ jẹ, ká má da omi síbẹ̀ mọ́, ká dúró kó gbẹ. Díẹ̀ tí mo bá wá gbé wá, igi ni mò ń fún. Ọlọ́run á dárí jì mí."

Ọjọ́ mẹ́rin! Mongi mọ̀. Hedia pè é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ní kó ṣí omi sí oko náà. Mongi rẹ́rìn-ín.

"Ṣé kí n ṣí i ni? Ọjọ́bọ̀ ni àwọn àlejò ń bọ̀ láti Tunis, olú-ìlú, iye omi tí a ò lò ni wọ́n sì ń bọ̀ wá wò. Oko bàbá yẹn ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀! Jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀, kí ọwọ́ wa lè mọ́."

Kí ọwọ́ wọn lè mọ́! Ẹ̀gbin ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Ó jókòó ti tíì tó kún fún ṣúgà, ó ń wo òǹgbẹ arúgbó lójú kọ̀ǹpútà, ó ń pè é ní iṣẹ́ rere. Ohùn ọkùnrin náà rí Hedia lára, ọwọ́ ara rẹ̀ tó lẹ àwọn wáyà wọ̀nyẹn pọ̀ sì rí i lára jù.

Ó kúnlẹ̀, ó fi èékánná hú ẹ̀rọ náà jáde, ó nù ún mọ́ aṣọ, ó kì í bọnú iyẹ̀pẹ̀ gbígbóná lójú oòrùn. Kò pẹ́ tí ìlẹ̀kùn omi fi ké, tí omi sì ya wọ oko. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mongi ni. Ó jẹ́ kó máa dún.

Bàbá Ferjani kò pariwo ayọ̀. Ó ń wo omi náà bó ṣe ń lọ lábẹ́ àwọn igi.

"O ṣeun, ọmọ mi. Àmọ́ dàbínù ọdún tó ń bọ̀ ni omi yìí máa wúlò fún."

Ó já dàbínù kan, ó nà án sí i. "Tọ́ ọ wò."

Ó le, ó sì fa Hedia lẹ́nu bí àlọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mú omi tòrò. Itọ́ kún un lẹ́nu, ó fẹ́ tu ú dànù. Bàbá arúgbó náà ń wò ó, iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà lójú rẹ̀. Hedia jẹ ẹ́ tán, ó gbé e mì.