Ebè Ata Tí Kò Lọ Sókè

"Ìyá Gou, ebè yìí náà, ẹ hú u." Yaning, ọ̀dọ́bìnrin tó ń darí ìwádìí ata, fi bírò tọ́ka sí i láì gbójú kúrò nínú ìwé rẹ̀.

Ìyá Gou fara ti ọkọ́ rẹ̀, kò mira. Ọdún kejìdínlógún rèé tó ti ń hú ata lóko ìwádìí yìí, létí odò Wei, kò sì sí ebè tó ṣòro fún un bí èyí. Ata ìyá rẹ̀ ni.

Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn ni Yaning wá bá a nílé, tó ń wá irúgbìn àtijọ́. Inú Ìyá Gou dùn débi pé gbogbo kóró ata tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ sínú akèrègbè ló dà fún un, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Ó rò pé wọ́n á dá díẹ̀ padà ni. Wọ́n pín in sí méjì: ìdajì bá rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sókè sánmà, ìdajì dúró sílé nínú àpò ìwé. Nígbà tí ti òkè dé, wọ́n gbìn wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n lè rí ohun tó yí padà. Lábúlé, ata ńlá tuntun ni gbogbo èèyàn ń gbìn báyìí; ti ìyá rẹ̀ ò kù síbì kan mọ́ àyàfi lórí ebè yìí, níbi tí wọ́n gbin ìdajì tó dúró sílé sí.

Yaning máa ń ṣàlàyé fáwọn àlejò, Ìyá Gou sì ti gbọ́ ọ títí ó fi há sí i lórí. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, òwú tín-ín-rín kan wà tí gbogbo ìwà ata wà lára rẹ̀. Nílẹ̀ níbí, afẹ́fẹ́ bò wá bí òrùlé. Lókè lọ́hùn-ún, òrùlé ò sí. Ìtànṣán tó yára ju ọta ìbọn á gba inú irin wọlé, á já òwú náà. Sẹ́ẹ̀lì á so ó padà, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn á so ó gbòdì, àwọn ọmọ á sì jogún àṣìṣe náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní dàgbà dáadáa. Ẹyọ kan lẹ́kọ̀ọ̀kan á dára ju ìyá rẹ̀ lọ, ìyẹn ni Ìyá Gou á so òwú pupa mọ́ nídìí. Ìyókù, ó di ọkọ́.

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ fún wa," Yaning sọ, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ti parí, màmá. Ọ̀gá sì ti ní kóró kankan ò gbọdọ̀ jáde ní géètì."

"Ta ló ní kó o jẹ́ kí n jalè? Ọdún mẹ́rin lo fi ń wọn gígùn wọn, tó ò ń gbé wọn sórí òṣùwọ̀n. Ṣé o tọ́ ọ wò rí?"

Yaning rẹ́rìn-ín. Kò tọ́ ọ wò rí.

Lọ́sàn-án, Ìyá Gou ká mẹ́ta, ó sun wọ́n nínú eérú, ó fi iyọ̀ àti aáyù gún wọn, ó da òróró gbígbóná lé e lórí. Òórùn rẹ̀ gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, ló bá di ọmọ ọdún méje, lórí ibùsùn amọ̀ tí iná ń jó lábẹ́ rẹ̀, tí yìnyín ń bọ́ lóde, tí ìyá rẹ̀ ń fi ata sáàárín búrẹ́dì pẹlẹbẹ fún un, tó ń ní kó jẹ ẹ́ kí etí rẹ̀ lè gbóná.

Yaning jẹ tirẹ̀. Omi dé ojú rẹ̀. Ó nu imú, ó tún na ọwọ́.

"Ti òkè tóbi jù ú lọ," ó sọ níkẹyìn, "ṣùgbọ́n kò dùn báyìí."

"Etí ẹ ti pọ́n," ni Ìyá Gou fi dá a lóhùn.

Lẹ́yìn oúnjẹ ó gbé ọkọ́, ó ń hú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan èyí tó gbẹ̀yìn, ó gbé ọkọ́ sílẹ̀. Ó yọ òwú pupa nínú àpò, ó so ó mọ́ ọn nídìí.

Yaning rìn wá. "Màmá, èyí tó bá yí padà là ń so ìyẹn mọ́. Kí ló yí padà lára eléyìí?"

"Kò sí."

Yaning wo òwú pupa náà. Lẹ́yìn náà ó ṣí ojú ewé tuntun nínú ìwé rẹ̀.

"Ẹ fi àpò bo òdòdó rẹ̀," ó ní, "kí kòkòrò má lọ kó lẹ́búlẹ́bú òdòdó ti òkè bá a, tí kóró rẹ̀ á fi yí padà."