Ìyá Mọ̀nàmọ́ná àti Fóònù Rẹ̀

Ìwọ tó ń ka èyí, bí o bá ń gbé Sabon Gari ní Kano, jọ̀wọ́, má kà á sókè. Má tiẹ̀ kà á nítòsí Màmá Hàlímọ̀ rárá. Bí o bá mọ̀ pé o ò lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ inú, ibí ni kí o ti padà.

Ọkọ mi, Ṣótúndé, ló ni yàrá ìwòran kan lẹ́yìn Railway Quarters, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wá wo bọ́ọ̀lù àti fíìmù. Bí fíìmù bá jẹ́ ti òyìnbó, á dúró ti tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú máìkì lọ́wọ́, á máa túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa, á sì máa fi Yorùbá há a láàárín fún àwọn àgbà. Òyìnbó tí wọ́n ń sọ gba imú yẹn, ẹni mélòó ló gbọ́ ọ? Èmi ń din máásà, àkàrà ìrẹsì, lẹ́nu ọ̀nà, mo sì ń ta omi sóbò tútù. Láti ibẹ̀, mo ń rí gbogbo ojú tó wà nínú yàrá. Mo máa ń wo ojú. Àwa tí wọ́n bí sí Kano, bí ohùn bá ròkè báyìí, ẹnu ọ̀nà la kọ́kọ́ ń wá.

Gbogbo wọn ló fẹ́ràn Mọ̀nàmọ́ná. Orúkọ rẹ̀ lóyìnbó gùn, àwa la sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó ń fò ni, tó ń fi ọwọ́ kan gbé ọkọ̀ ojú irin. Ọjọ́ tí fíìmù rẹ̀ bá dé, mi ò ní rí àyè yí máásà mi.

Nígbà tó yá, àwọn tó ṣe é tún ṣe òmíràn, ti tẹlifíṣọ̀n, tó ń jáde ní apá-apá. Ìyá Mọ̀nàmọ́ná ni wọ́n fi ṣe é. Ìyá náà nìkan. Ó ń fọ abọ́. Ó ń gbálẹ̀. Òrùlé rẹ̀ ń jò. Ọmọ ò yọjú.

"Níbo ló wà?" Virtue ló pariwo, ẹni tó ń lẹ táyà níwájú ilé wa. "Haba, Ọ̀gá! Ṣé ìyàwó mi ò fọ abọ́ nílé ni, tí mo fi wá wo ti òyìnbó?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní kí wọ́n fò ó lọ síbi tí ilé ti ń wó. Òmíràn ní bí Mọ̀nàmọ́ná ò bá ní fò, kí wọ́n kúkú fi bọ́ọ̀lù sí i.

Ní apá kejì, bẹ́ǹṣì pọ̀ ju èèyàn lọ. Virtue ní yàrá kan wà ní Zoo Road tí wọ́n ti ń fi fíìmù ogun hàn, ibẹ̀ lòun ń lọ. Ẹ̀rù bà mí. Yàrá yẹn la fi ń jẹun, a ò ní òmíràn.

Màmá Hàlímọ̀ nìkan ni kò mira. Opó ni, ilé rẹ̀ ló tẹ̀lé tiwa. Sirajudeen ọmọ rẹ̀ gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà, àtìgbà náà, kò pè. Màmá máa ń gbé fóònù sórí itan bí ẹni gbé ọmọ.

Ní apá kẹta ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Ìyá inú fíìmù gbé fóònù, ó ń tọ́ka sókè, síbi tó ń jò. Èmi tí mi ò kàwé, mo mọ̀ pé ẹni tó ń kan òrùlé ló ń bá sọ̀rọ̀. Ṣótúndé wo yàrá. Ó wo Virtue tó ti ń wọ bàtà. Ó ní:

"Ọmọ rẹ̀ ni. Ó ní, 'Ìyá mi, èmi ni.'"

Virtue dúró, bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́.

"Kí ló tún wí?" Màmá Hàlímọ̀ béèrè.

"Ó ní, 'Ṣé ẹ ti jẹun?'"

"Kai," ẹnìkan wí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Bó ṣe di ìṣe nìyẹn. Wọ́n á dé ìdí máásà mi: "Ìyá Ìtùnú, ṣé á pè lónìí?" Àlejò kan béèrè ìgbà tí wọ́n máa fò. Virtue yíjú sí i: "Fífò kẹ̀? Òjò ń pa ìyá ẹ̀ nínú ilé, ìwọ ń béèrè fífò! Jókòó jàre." Òmíràn ní ẹni tó lè gbé ọkọ̀ ojú irin, kí ló ṣe tí kò lè kan òrùlé ìyá rẹ̀? Lọ́sẹ̀ kejì, Ṣótúndé mú kí ọmọ náà ṣèlérí ìṣó àti páànù.

Mo bá a sọ ọ́ nílé. "Bàbá Ìtùnú, ọjọ́ tí ẹni tó gbọ́ òyìnbó bá wọlé ńkọ́?"

"Á jókòó."

"Wọn á fọ́ bẹ́ǹṣì. Wọn á ní o fi àwọn ṣeré."

"Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni mo fún wọn. Àwọn tó ṣe fíìmù ló gbàgbé rẹ̀."

Ọjọ́ apá ìkẹyìn, Tolú dé láti yunifásítì, ọmọ Bàbá Adéyanjú onílé wa. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ra sóbò, ó kọjá lọ síwájú. Ó ṣe mí bíi kí n fà á láṣọ. Mi ò ṣe é.

Fóònù dún nínú tẹlifíṣọ̀n. Ṣótúndé gbé máìkì sẹ́nu. "Ọmọ rẹ̀ ni. Ó ní òun ti ń bọ̀ wálé."

Tolú bú sẹ́rìn-ín, ó dìde. "Ah-ah, Daddy Ìtùnú! Kì í ṣe ọmọ rẹ̀ nìyẹn o!"

Máásà ń jó, mi ò yí i. Virtue dìde. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Ṣótúndé sọ máìkì kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni gbé ẹyin.

Màmá Hàlímọ̀ ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Tolú, ọmọ mi. Ìwọ lo gbọ́ òyìnbó jù níbí. Ó ní òun ń bọ̀ wálé, àbí kò sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù tirẹ̀ mú.

Tolú la ẹnu. Ó wo tẹlifíṣọ̀n, níbi tí ìyá òyìnbó ti gbé fóònù sílẹ̀, tó ń nu tábìlì. Ó wo ọwọ́ Màmá. Ó yíjú wo Virtue, Virtue sì rọra ń mi orí sí i, bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀.

"Màmá, ẹ bi Daddy. Àwọn ló ń túmọ̀."

"Ìwọ ni mo bi."

Tolú jókòó. "Ẹ má bínú, Màmá. Mi ò sọ nǹkan kan mọ́."