Kí Òróró Tó Kan Orí Jósáyà

Ní ọdún 1995, Jósáyà wọ ṣọ́ọ̀bù Sẹ̀gilọlá aránṣọ ní Okokomaiko pé kí ó wọn òun fún sùtánà tuntun. Ọmọ Liberia ni, rédíò ló ń tún ṣe ní Ọjà Àlàbá. Kò tíì pẹ́ tí ó dara pọ̀ mọ́ ìjọ aláṣọ funfun tí Sẹ̀gilọlá ń lọ. Bí ó ti na apá fún un, ó ń kùn orin ìsìn kan lábẹ́ ètè. Téèpù bọ́ lọ́wọ́ Sẹ̀gilọlá.

Ó mọ ohùn yẹn. Ó mọ etí òsì tí a ti gé lórí. Ní ọdún 1990, nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Liberia, níbi tí àwọn ọmọ ogun ti dí ọ̀nà ní ẹ̀yìn Monrovia, ọkùnrin yìí ló ń kùn orin bẹ́ẹ̀ bí ó ti ń bi olúkúlùkù ní ẹ̀yà rẹ̀, tí ó sì ń fi ìbọn yà wọ́n sápá kan. Kò sí ẹni tó padà nínú àwọn tí ó yà sọ́tọ̀. Àwọn aládùúgbò Sẹ̀gilọlá wà nínú wọn, tọmọtọmọ. Ọládipọ̀ ọkọ rẹ̀ náà wà nínú wọn, nítorí pé ó bẹ̀bẹ̀ fún wọn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Mama," Jósáyà wí, ó sì bá a mú téèpù nílẹ̀. Kò dá a mọ̀.

Sẹ̀gilọlá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tí ó bá níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Mama, ibí kọ́ ni Liberia o. Ṣé kí n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá yín kó ẹlẹ́rìí wá ni?"

"Èmi ni ẹlẹ́rìí."

"Ẹ lọ gbàdúrà, Mama."

Nírọ̀lẹ́, rédíò ní wọ́n ti dá ilé ẹjọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó pa ẹ̀yà kan nípakúpa ní Rwanda. Ó sún mọ́ ọn, ó ń retí kí wọ́n dárúkọ Liberia. Ìròyìn bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi tẹ̀ lé e.

Ó rán sùtánà náà. "Sẹ̀gi, ojú rẹ ti jìn wọnú," ni Felicia, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ń wí. "Àbí ọkọ tuntun lo ń gbààwẹ̀ fún?" Ó kàn rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ru ẹrù tí kò rí ẹni bá a sọ̀ ọ́, kí ni yóò wí?

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí wọn yóò fi òróró yan Jósáyà ní ajíhìnrere, ó kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ nínú aṣọ náà. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, Olùṣọ́ Àjàyí, olórí ìjọ náà, gbé ìgò òróró sókè, ó sì bi ìjọ bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun kan sí arákùnrin yìí. Kì í sí ẹni tó ń fèsì. Àwọn akọrin tilẹ̀ ti dìde.

Sẹ̀gilọlá bọ́ síwájú, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ọkùnrin yìí gbé ìbọn dání. Àwọn ènìyàn kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, obìnrin, ọmọ ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ wọn ṣàn dé ẹsẹ̀ mi..."

Agogo dún. Felicia sáré di ọ̀já mọ́ ọn nídìí, bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹni tí Ẹ̀mí gùn.

"Kò ní ṣẹ!" ni ìjọ ń dáhùn. "Olúwa, yí i padà!"

Ìran ni wọ́n pè é. Olùṣọ́ Àjàyí ti ń ka àbẹ́là tí Jósáyà yóò tàn kí ewu náà lè yẹ̀ lórí rẹ̀.

"Ó ti ṣẹ!" Sẹ̀gilọlá kígbe. "Mi ò rí ìran! Monrovia ni, ọ̀sán gangan ni, ọkọ mi wà níbẹ̀! Wọ́n fẹ́ pa ẹ̀yà kan rẹ́ ni. Ẹ bi í!"

Agogo dákẹ́. Jósáyà kò gbé orí sókè. "Ogun ni, Bàbá. Wọ́n rán mi ni. Ọlọ́run ti dárí jì mí."

"Ìyá," Olùṣọ́ wí jẹ́jẹ́, "ṣé ẹ ò lè dárí jì í?"

"Ká ní èmi ló pa ni, Bàbá, ǹ bá dárí jì í. Ta ló bi àwọn tó kú léèrè? Mi ò ní kí ẹ pa á. Mo fẹ́ kí adájọ́ kan jókòó, kí ó gbọ́ orúkọ wọn."

Olùṣọ́ Àjàyí wo ìgò ọwọ́ rẹ̀. "A ò ní ilé ẹjọ́ níbí," ó wí. "Ṣùgbọ́n òróró yìí wà níkàáwọ́ wa." Ó dé ìgò náà. "Jósáyà, lọ bọ́ aṣọ yẹn."

Jósáyà kúrò ní Àlàbá, a kò mọ ibi tó gbà. Àwọn kan ní Sẹ̀gilọlá ló lé ẹ̀mí kan kúrò nínú agbo. Felicia wá bẹ́ǹṣì mìíràn jókòó sí.

Sùtánà tí Jósáyà bọ́ sílẹ̀ ni Sẹ̀gilọlá gbé padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ṣì wà lórí ìṣó níbẹ̀. Kò tú u, kò tà á. Bí ìròyìn bá bẹ̀rẹ̀, òun nìkan a dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, a tẹ́tí, bóyá wọn yóò dárúkọ Liberia.