Ìyàwó Wa Ló Ń Kọ́ Wa ní Ìṣirò

Lọ́jọ́ tí a wọlé sáà kejì, gbogbo kíláàsì kẹrin ló ń gbọ̀n nítorí ọyẹ́ àti nítorí ìṣirò. Èmi nìkan ni ọkàn mi balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: mi ò mọ ìṣirò. Ọgbọ̀n ọmọ ló wà ní kíláàsì wa, èmi ni mo ṣe ipò ọgbọ̀n ní sáà kìíní. Bí wọ́n bá gba ewúrẹ́ tó máa ń sùn lẹ́nu ọ̀nà wa láyè kó jókòó ìdánwò, ǹ bá ṣe ipò kọkànlélọ́gbọ̀n.

Hẹdimásítà wa, Ọ̀gbẹ́ni Olúdáre, ará Ọ̀mù-Àrán tí kì í rẹ́rìn-ín, ti kéde pé ìlọ́po méje, mẹ́jọ àti mẹ́sàn-án ni a máa kọ́ lẹ́yìn ìsinmi. Tó bá di Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, òun fúnra òun máa wá gbọ́ ọ lẹ́nu wa. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí òun bá bi í, kó gbé àga rẹ̀ lọ sí kíláàsì kẹta. Kíláàsì kẹta yẹn ni Salimat àbúrò mi wà, ipò kìíní ló sì máa ń ṣe. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré.

Kí ló wá fi mí lọ́kàn balẹ̀? Olùkọ́ wa, Àǹtí Rasheedah, ni. Nínú ìsinmi ìparí ọdún ni wọ́n so yìgì òun àti Bọ̀dá Habibullah, àbúrò bàbá mi, ó sì kó wá sí agbo ilé wa nítòsí Ọjà-Ọba. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ tó ń rákò. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn, àfi kó fún wọn ní orúkọ tirẹ̀. Ìyá Àlájà, ìyá tó bí bàbá mi, ló kó àwa ọmọ ilé jọ síwájú ìyàwó tuntun.

“Àwọn ọkọ rẹ nìyí o,” ó wí. “Má kánjú sọ wọ́n lórúkọ. Orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Èyí tí o bá sọ ni àwọn ìyàwó tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ yóò máa pè, òun ni yóò sì bá wọn dé sàréè.”

Mo gbọ́ apá kìíní ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Apá kejì ni mi ò fetí sí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, Àǹtí ṣí rẹ́jísítà. Ó pe Abdulmateen, ó pe Ẹniọlá, ó dé orí Hidayat, orúkọ tèmi, ó dákẹ́. Ó wo ìwé, ó wò mí, ó tún wo ìwé.

“Ìwọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé,” ó wí.

Mo yọjú wo ìta bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀.

“Ìwọ ni mò ń bá wí.”

“Orúkọ mi wà nínú rẹ́jísítà, ma,” mo dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Àwọn àgbà ní bí iṣu ẹni bá ta, à ń fi ọwọ́ bò ó jẹ ni. Tèmi ta, mi ò bò ó. Kí aago ìsinmi ọ̀sán tó dún tán, mo ti sọ fún gbogbo kíláàsì pé ọkọ Àǹtí ni mí, pé kò lè pe orúkọ mi, àti pé àràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí mi.

“Wàláhì?” Abdulmateen bi mí.

“Wàláhì!” mo búra. Òtítọ́ sì ni.

Láti ọjọ́ yẹn, bí Àǹtí bá na ìka sí mi pé kí n wá síwájú pátákó, n ó yíjú wo ẹ̀yìn. Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín, Àǹtí á pe ẹlòmíràn. Tìmílẹ́yìn ka ìlọ́po méje títí ohùn rẹ̀ fi ha. Èmi jókòó, mò ń jẹ ẹ̀pà láti inú àpò mi. Ká sòótọ́, mi ò gbádùn ilé ìwé tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nílé, Àǹtí kò yéé kúnlẹ̀. “Ọkọ mi, ẹ kú àárọ̀,” á sì gbé kókó gbígbóná àti másà síwájú mi. “Ẹ jọ̀ọ́, mẹ́jọ lọ́nà méje, mélòó ni?”

“Ìyàwó kì í bi ọkọ rẹ̀ ní irú ìyẹn,” mo fèsì.

Ìyá Àlájà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àǹtí náà rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló yẹ kó ti bà mí lẹ́rù.

Ní ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì, Ìyá Àlájà pè é. “O ti sọ àwọn yòókù lórúkọ. Salimat ti di Awẹ́lẹ́wà. Eléyìí ńkọ́?”

“Ọ̀la ni mò ń dúró dè, Ìyá. Ọ̀la ni Hẹdimásítà máa bi wọ́n ní ìlọ́po. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, a ó wá orúkọ tó yẹ wọ́n. Bí wọ́n bá sì lọ bá Awẹ́lẹ́wà ní kíláàsì kẹta…” Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Agbágapadà náà dùn-ún pè.”

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò jáde. Mo rántí Alfa Abdulmumini, ẹ̀gbọ́n bàbá bàbá mi, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bí ó bá wúkọ́ lásán, àwọn ọmọ kéú rẹ̀ á wárìrì. Síbẹ̀ Ajíṣúgàlá ni àwọn ìyàwó ilé ń pè é, nítorí ṣúgà tó jí lá nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ìyàwó tó sọ ọ́ lórúkọ ti kú, ṣúgà ti tán, orúkọ ṣì wà.

Ẹ̀rù bà mí gidi. Mo tọ Salimat lọ, mo ní kó kọ́ mi. Ó gba másà mi ti ọjọ́ kejì, ó gba rìbọ́nù pupa mi, kò tilẹ̀ wo ti pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí. Ìlọ́po mẹ́jọ ni mo yàn, nítorí ti méje ti wọ̀ mí létí láti ẹnu Tìmílẹ́yìn. Ti mẹ́sàn-án, mo fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Salimat ń gbá mi lórí ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣì í, títí wọ́n fi pe ìrun mọ̀gàríbì.

Ní Jímọ̀, Hẹdimásítà fúnra rẹ̀ ló di rẹ́jísítà mú. Òun kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni nílé wa.

“Hidayat! Ìlọ́po mẹ́jọ!”

Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀, mò ń sáré kó má baà sá mọ́ mi lórí. Mo dé mẹ́jọ lọ́nà mẹ́fà, méjìdínláàádọ́ta. Mo dé orí méje, ó pòórá. Mo wo Àǹtí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó di ẹfun mú ṣinṣin, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń ṣe tẹ̀súbáà. Ìgbà yẹn ló yé mi pé òun gan-an kò fẹ́ kí n gbé àga lọ síbì kan. Ojú tì mí fún gbogbo ẹ̀pà tí mo jẹ. Mo fi ọwọ́ sẹ́yìn, mo fi ìka ka mẹ́jọ lé méjìdínláàádọ́ta.

“Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta!” mo pariwo. Ìyókù wá tẹ̀ lé e: mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, méjìléláàádọ́rin, ọgọ́rin.

“Jókòó,” ni Hẹdimásítà wí.

Nírọ̀lẹ́, mo wẹ̀, mo para, mo jókòó sí àárín agbo ilé, mò ń retí orúkọ mi. Akọ̀wé ni mo fi ọkàn sí. Àǹtí kúnlẹ̀.

“Ọkọ mi, orúkọ yín ti délẹ̀. Ó-di-Jímọ̀.”

“Ọmọ tí kì í kàwé àfi tó bá di Jímọ̀!” Ìyá Àlájà pàtẹ́wọ́. Kí n tó ṣàròyé, àwọn ìyàwó ilé ti gba orúkọ náà lẹ́nu ara wọn.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ní Àtìní, Àǹtí ṣí rẹ́jísítà, ó dé orí mi, kò dákẹ́ rárá.

“Ó-di-Jímọ̀!”

Ọmọ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yíjú sí mi. Kò sí ẹni tí mo lè wò lẹ́yìn.

“Mo wà níbí, ma.”

Ó na ẹfun sí mi. “Wá síwájú pátákó. Mẹ́sàn-án lọ́nà méje.”

Salimat kò tíì kọ́ mi ní ti mẹ́sàn-án, Jímọ̀ sì ku ọjọ́ mẹ́rin.